Adìyẹ Mẹ́ta Tí A So Lẹ́sẹ̀ ní Ìlú Ọba

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ṣakí yóò ní irọ́ ni mo ń pa, ẹni tí kò mọ̀ mí yóò lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ mí, àwọn méjèèjì yóò sì jọ fi mí rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Èmi tí wọ́n bí sáàárín adìyẹ, tí mo fi ìgbà èwe mi lé adìyẹ kúrò lórí iṣu èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta, èmi náà ni wọ́n rán òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá bá nílé ní ìlú Ọba nítorí adìyẹ. N kò jí i. N kò pa á. Mo so ó lẹ́sẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ má baà dá ẹjọ́ mi kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ohun tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi, mo sì ti ra ẹ̀wù kan tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ajá ló bà mí lẹ́rù. Mo rí ajá tó wọ kóòtù tó dára ju tèmi lọ. Mo rí ọkùnrin kan tó de táì, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú pópó, tó fi ọ̀rá kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀, tó so ọ̀rá náà lẹ́nu, tó wá ń fì í lọ fì í bọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó ra àkàrà bọ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kí mi dáadáa.

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Òun ló ṣáájú mi dé ìlú yìí. Nọ́ọ̀sì ni, òun ni ọsibítù pè. Èmi jẹ́ ara ẹrù tó gbé dání. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Bàbá Àṣàbí, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ológbò kan wà ládùúgbò yìí tó ní dókítà tirẹ̀."

"Èmi ńkọ́? Ta ni dókítà tèmi?"

"Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ wá máa retí."

Ní Ṣakí, igbákejì ọ̀gá iléèwé ni mí. Tí mo bá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà lásán, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́. Níbí, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń di adìyẹ sínú ọ̀rá ni mo ti ríṣẹ́. Adìyẹ tí mò ń bá pàdé níbẹ̀ kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, kò níyẹ̀ẹ́, kò sì níwà. Wọ́n á máa tò bọ̀ lórí bẹ́líìtì bí ọmọ iléèwé tó ń wọ kíláàsì, èmi á sì máa kì wọ́n bọ inú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, mo bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìwọ yìí, ọmọ ilé ta ni ọ́?" Ọmọkùnrin òyìnbó tó dúró tì mí wojú mi, ó sì rọra sún sẹ́yìn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé orí mi ti ń dàrú. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń pa mí lọ. Nínú ọgbà ilé Ìyá mi ní Ṣakí, kò sí ìgbà kan tí nǹkan kan kì í fọhùn. Àgbò á máa fi ìwo kan ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ á máa ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ẹyẹlé á máa kùn lórí páànù. Adìyẹ tó yé ẹyin kan péré á máa kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò bí ẹni tó kọ́lé alájà mẹ́rin. Mo máa ń bínú sí wọn nígbà náà. Mo máa ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí n ráyè máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ní ìlú Ọba, mo ráyè. Mo ráyè títí ó fi sú mi. Tí mo bá dákẹ́ nínú ilé wa, ẹ̀rọ amúlégbóná nìkan ló ń sọ̀rọ̀, òun náà kì í sì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ.

*

Nígbà tí èmi náà ń bọ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá ni a fi Àṣàbí ọmọ wa sí. Kékeré ni nígbà náà, kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀. Ìgbà tí ìwé tirẹ̀ fi jáde, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. A lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìyàwó mi ti ń sáré lọ dì mọ́ ọn nígbà tí ọmọ náà kúnlẹ̀ gbọnrangandan láàárín àwọn òyìnbó tó ń wọ́ àpótí kọjá.

"Ẹ kú ilé, mà. Ẹ kú ilé, sà."

Ó kí wa bí ẹni ń kí àlejò Ìyá mi. Ìyàwó mi yíjú sẹ́yìn. Èmi ni mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, mo gbé àpótí rẹ̀, mo ní ó wúwo, mo bi í bóyá òkúta Ṣakí ló kó wá. Kò rẹ́rìn-ín.

Kò sọ̀rọ̀ níléèwé. Olùkọ́ rẹ̀ pè wá, ó ní láti ìgbà tí ọmọ yìí ti dé, òun kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, pé ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ nílé? A ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Bí ó bá ti jẹun tán nírọ̀lẹ́, tí a pe Ìyá lórí fóònù, tí wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó bímọ àti ọmọ aládùúgbò tó ṣubú lórí ọ̀kadà, yóò gbé fóònù fún mi, yóò sì bi mí pé, "Sà, ìgbà wo ni mo máa padà sọ́dọ̀ Ìyá?"

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́. Ó ní tí ọlidé gígùn bá fi dé tí ọmọ yìí kò tíì fara mọ́lé, ká dá a padà sọ́dọ̀ Ìyá, nítorí a kò bímọ kí a lè máa fi í ṣe ẹlẹ́wọ̀n. Mo ní ó dáa. A kò tún sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọlidé ti ń dẹ́rù bà mí bí ẹni pé ìdánwò ni, èmi tí mo ti fi ìdánwò dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹran ọ̀sìn nìkan ló ń mú un rẹ́rìn-ín. Tó bá rí ajá lójú ọ̀nà, ojú rẹ̀ á tàn. Obìnrin àgbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní ológbò funfun kan tí irun rẹ̀ pọ̀ bí òwú tó là. Èmi ń pe obìnrin náà ní Màdámù Ológbò, ní ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màdámù gbé ológbò náà fún Àṣàbí lórí ọgbà tó pààlà ilé wa. Ọmọ náà gbá a mọ́ra, ó ti imú bọ inú irun rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sókè. Èmi àti ìyàwó mi jọ sáré dé ojú fèrèsé láti wò ó. Inú wa dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, ojú ọmọ ti wú pa dé, àyà rẹ̀ ti dí, ó ń mí bí ẹni fọn fèrè tó ti là. Ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó gbé e, ó di ọsibítù.

*

Nígbà tí wọ́n ti fún un lóògùn tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, dókítà ní ara ọmọ wa kọ irun ẹran. Ológbò, ajá, ehoro, gbogbo wọn.

"Dókítà," mo ní, "ọmọ yìí ti gun àgbò rí."

Ó bi mí pé, "Níbo ni àgbò náà ń sùn?"

"Ìta ni. Níbo ni àgbò tún ń sùn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìta gbangba, afẹ́fẹ́ ń gbé eruku ara ẹran lọ. Níbí, a ti fèrèsé pa, a tan iná amúlégbóná, a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, eruku náà kò sì ríbi lọ, àfi imú ọmọ. Ó bi wá bóyá ó máa ń sín nílé, bóyá ó máa ń wúkọ́. A ní kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá ló tú àṣírí yẹn nígbà tí a pè é. "Ó ń wúkọ́ kẹ̀! Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ló ń sín. Mo ní ọyẹ́ ni. Mo fi òrí pa á láyà, mo fi pa á nímú." Ó wá ní, "Ewúrẹ́ ni, àbí? Ọyẹ́ ni mò ń bú láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá."

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Ìyá," ìyàwó mi ní. "Àwa tí a kàwé gan-an, ọyẹ́ la ò bá bú."

Láti ìgbà náà ni ọmọ ti tún dákẹ́ sí i. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ràn ní ìlú yìí, ara rẹ̀ ló tún kọ̀ ọ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀ níbi iṣẹ́, mo ń kì adìyẹ bọ ọ̀rá. Mo pinnu pé ẹran kan gbọ́dọ̀ wà láyé yìí tí ara ọmọ mi yóò gbà.

Bí a ṣe pe ìpàdé nìyẹn, Ìyá lórí fóònù tí a fi ń rí ara wa, iwájú orí rẹ̀ nìkan ló sì ń hàn, nítorí kò tíì gbà pé kò pọndandan kí òun gbé fóònù mọ́ etí.

Mo ní, "Wọ́n ní irú ajá kan wà tí irun rẹ̀ kì í re."

Ìyàwó mi ní irọ́ ni, pé kò sí ajá tí kò ní eruku lára, ó kàn lè dín kù ni. Ìyá kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìyẹn. "Ajá? Nínú ilé tí ẹ ti ń kírun? Kó máa lá ẹnu búta àlùwàlá yín? Ẹ wá nǹkan mìíràn."

"Ẹja ńkọ́? Wọ́n ń sìn ín nínú gíláàsì."

"Wọ́n ń sìn ín? Ìgbà wo ni wọ́n wá ń dín in?"

Àṣàbí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní òun ti wo ẹja ní ṣọ́ọ̀bù. "Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

Mo mẹ́nu ba ahun. Oníṣọ́ọ̀bù ti sọ fún mi pé ahun lè pẹ́ láyé ju èmi lọ, èmi fúnra mi sì ti ń rò ó pé ta ni n óò fi í sílẹ̀ fún. Ìyá ní ẹni tó bá gbé ahun wọlé fún ọmọ òun, kó má pe nọ́ńbà òun mọ́.

Lẹ́yìn Ìyá nínú fóònù, nínú ọgbà ilé wa ní Ṣakí, adìyẹ kan fọhùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin, ó sì fẹ́ kí ayé mọ̀.

Àṣàbí gbójú sókè. "Adìyẹ ńkọ́?"

*

Ìyàwó mi kì í fi ọ̀rọ̀ àìsàn ṣeré. Ó ní ìyẹ́ náà lè yọ èèyàn lẹ́nu, pé a kò ní ra adìyẹ kankan títí a óò fi dán an wò. Ó bá dókítà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó wá obìnrin kan tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn ìlú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ wa wá jókòó sáàárín àwọn adìyẹ rẹ̀ lásán. Àṣàbí jókòó níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, oògùn rẹ̀ wà nínú báàgì ìyá rẹ̀. Èmi ń ka èémí rẹ̀. A lọ sílé, a retí. Kò sí nǹkan kan. A tún padà lọ, kò sín, kò wúkọ́. Ìyàwó mi wá gbé òfin kalẹ̀: adìyẹ kò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ̀wù kan yóò wà tí Àṣàbí yóò máa wọ̀ lọ bá wọn, ìta ni yóò máa kọ́ ọ sí, yóò máa fọ ọwọ́ àti ojú tó bá ti kúrò níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbá ilé wọn, nítorí eruku.

"Ta ni yóò máa gbá a?" mo béèrè.

Àwọn méjèèjì wò mí.

Ọjọ́ tí a lọ ra wọ́n ni mo dójú ti ara mi. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ra adìyẹ lọ́jà. Mo gbé àkọ́kọ́, mo fọwọ́ tẹ igẹ̀ rẹ̀ wò, mo yí ìdí rẹ̀ sókè, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ rẹ̀ kí n lè rí ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ. Mo mi orí. Mo ní, "Èyí rù." Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú obìnrin tó ni wọ́n ti pọ́n.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Ìyàwó mi ló gbà mí sílẹ̀. Obìnrin náà wá bi mí ní ìbéèrè ju èyí tí wọ́n bi mí ní ẹ́ńbásì lọ. Níbo ni wọn yóò sùn? Ta ni yóò wà nílé? Mo ní ọ̀kan ṣoṣo la fẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní adìyẹ tó bá dá nìkan wà, àárò ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa sọ ọ́, yóò kọ oúnjẹ, ó sì lè kú. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo mọ ẹnìkan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ra mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá ló pàṣẹ. "Ṣé ẹ ti so wọ́n?"

Ẹni tí kò bá gbé nírú ilé wa lè má mọ̀ ọ́n. Adìyẹ tuntun kò mọlé. Tí ẹ bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, ilé tó ti ń bọ̀ ni yóò máa wá kiri títí mọ́tò tàbí ọmọ ìta yóò fi gbé e. Nítorí náà, a óò ya aṣọ tó rọ̀, a óò fi so ó ní ẹsẹ̀ kan mọ́ ìdí nǹkan, a óò máa gbé oúnjẹ àti omi wá bá a. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a óò tú u, kò sì ní sùn síbòmíràn mọ́ láéláé. Àṣàbí mọ̀ ọ́n ṣe ju èmi lọ. Ó mú ìró ánkárá kan jáde nínú àpótí rẹ̀, èyí tí Ìyá rà ní ọjà Ìjìó tó sì ti gbó, ó ya etí rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ ẹ̀wù ìta rẹ̀, ó sì so adìyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ìdí igi ápù tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mo ń wo ìka rẹ̀. Ìka Ìyá gan-an ni.

Ó ń so èyí tó kẹ́yìn nígbà tó bi mí pé, "Nígbà tí ẹ̀yin dé, kí ni wọ́n fi so yín?"

Mo rò ó. "Iṣẹ́ ni."

"Wọn ò tíì tú yín?"

Mo ṣe bí ẹni tó ń wá omi adìyẹ. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó yàn láti sọ. Nítorí mo ti ń gbé ìlú yìí fún ìgbà pípẹ́, mo mọ ibi tí búrẹ́dì ti dín owó, mo mọ bọ́ọ̀sì tó máa ń pẹ́, mo tilẹ̀ ti ń kí àwọn tó ń kó ìgbẹ́ ajá. Síbẹ̀ tí mo bá ń lálàá, n kì í bá ara mi níbí rí. Orí àpáta ni mo máa ń wà, níbi tí wọ́n sá iṣu sí, tí oòrùn ti mú un funfun, tí ẹnìkan ń pè mí láti ìsàlẹ̀ pé kí n wá jẹun. Wọ́n so mí títí, n kò sì mọ ilé tí mo mọ̀.

*

Màdámù Ológbò ló rí adìyẹ mẹ́ta tí a so mọ́gi. Kò bá wa jà. Ó kàn pe àwọn tó máa ń gbèjà ẹranko. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé tọ̀ wá, ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó ní wọ́n ti fi tó àwọn létí pé a ń fìyà jẹ ẹyẹ.

Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń kọ́ ọmọ Ṣakí sá kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, "Ní ìlú tiwa..." Mo dúró níbẹ̀. Mo tún ní, "Ní ìlú tiwa, madam..." Obìnrin náà ti ń yàwòrán okùn. Mo ń rò ó pé wọn yóò kó adìyẹ lọ, pé èyí ló máa parí ọ̀rọ̀, pé ọmọ mi yóò di ẹrù rẹ̀ padà sí Ṣakí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Àṣàbí jáde, ó wọ ẹ̀wù ìta rẹ̀, ó de bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn bí òfin ìyá rẹ̀. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí igi. Ó sì fọ Gẹ̀ẹ́sì.

"A kì í fìyà jẹ ẹ́. Kò tíì mọlé ni. Tí ẹ bá tú u báyìí, ilé àtijọ́ ló máa wá lọ, kò sì mọ̀nà, mọ́tò á pa á. Aṣọ rírọ̀ ni, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ kan la so, láàárọ̀ mo máa ń so ó mọ́ ìkejì kó má baà dùn ún. Èyí fẹ́ràn ìrẹsì. Èyí ń bẹ̀rù ológbò Màdámù. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni oúnjẹ ti ń wá, a máa tú wọn. Kò ní pẹ́ mọ́."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ kan aṣọ náà. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi àgbà ni. Ṣakí ló ń gbé."

Obìnrin náà kò bínú. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n okùn lè lọ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì lè wá bá wọn lórí ìso. Ó ní níbí, inú ilé wọn ni àwọn máa ń tì wọ́n mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, wọn yóò mọlé bẹ́ẹ̀ náà. Mo fẹ́ sọ pé ṣebí ọ̀nà kan náà ni, àbí pákó yàtọ̀ sí aṣọ? Ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Àṣàbí tú okùn fúnra rẹ̀, ó kó àwọn adìyẹ wọlé wọn, ó sì lọ fọ ojú.

Màdámù Ológbò ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì í. Ó ní, "N kò mọ̀ pé ọmọ yín ń sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Èmi náà ò mọ̀."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n rìn káàkiri, wọ́n tú ilẹ̀, wọ́n ba òdòdó ìyàwó mi jẹ́. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, láìsí ẹni tó lé wọn, wọ́n tò wọlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣàbí fò sókè, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Bàbá, wọ́n mọlé!" Kò pè mí ní sà.

Òun ló gba fóònù nírọ̀lẹ́ náà, ó rò ó fún Ìyá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá ń kí i, ó ń ṣe "Alihamudulilahi" sí gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Ọlidé yín kù díẹ̀, ọkọ mi. Mo ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ tí yóò lọ gbé ọ láti pápákọ̀."

Àṣàbí ronú. "Ìyá, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fáwọn adìyẹ? Bàbá máa ń lọ síbi iṣẹ́, Màámi máa ń sùn tó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé."

Mo rí iwájú orí Ìyá, mo rí gèlè rẹ̀, n kò rí ojú rẹ̀.

"Òótọ́ ni," Ìyá ní. "Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣí i fún wọn." Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ níbi ẹ̀rín náà.

Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì. Ohun tí a ti ń gbàdúrà fún nìyẹn. Mo fẹ́ jó. N kò mọ ìdí tí ẹsẹ̀ mi kò fi gbé.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun àsùbáà tán, mo jáde lọ gbá ilé adìyẹ. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí fóònù dún. Ìyá ni. Kì í pè mí láàárọ̀ rí.

"Ọkọ mi, ṣé o jí ire? N kò ní pẹ́. Iṣu ti ń toko bọ̀, mo fẹ́ kó wọn sí yàrá tí Àṣàbí ń sùn. Ṣé kí n ká ẹní rẹ̀?"

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mo gbọ́ àkùkọ. Mo gbọ́ ewúrẹ́. Mo gbọ́ ẹnìkan tó ń gbálẹ̀ ọgbà wa, ìgbálẹ̀ náà ń ha ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ká a, Ìyá."

"Ó dáa. Màá gbé e sókè àjà, kí èkúté má baà jẹ ẹ́." Ó tún ní, "Ẹ tọ́jú àyà rẹ̀ o." Ó sì pa fóònù.

N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Àwọn adìyẹ ti jáde, wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ lẹ́bàá bàtà mi. Nígbà tí mo yíjú padà, Àṣàbí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá! Ojú yín ti wú! Imú yín ń ṣàn! Màámi, ẹ wá wò ó, ara Bàbá kọ adìyẹ!"

Ìyàwó mi wo ojú mi, ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni; ó mọ àìsàn tó ń ṣe mí.

"Ó dà bẹ́ẹ̀," mo ní.

Àṣàbí gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù yẹn síta, kí n má wọ̀ ọ́ wọlé. Ó mú mi lọ sídìí omi, ó ní kí n fọ ojú dáadáa, kí n fọ inú imú. Ó ní láti òní lọ, kí n máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé, pé Màámi ni yóò máa gbá ilé wọn. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó gba oògùn kékeré kan àti omi ife kan, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó sì dúró tì mí, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí.

Mo gbé oògùn náà mì.

"Ẹ lanu, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Mo lanu.